Ọ̀nà wo ni kí n mú láti fi díwọ̀n ajá kí n tó ta tẹ́tẹ́ eré greyhound?

Olùbéèrè

Ẹ kú ìjókòó, gbogbo ilé. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí mo ti ń wo eré ajá greyhound ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì wọ̀ mí lára gan-an. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé ọ̀nà tí wọ́n ní ká máa fi yan ajá ti pọ̀ jù. Àwọn kan ní àkókò tí ajá fi sáré nìkan ni kí n máa wò. Àwọn kan ní nọ́ńbà àpótí tó ń gbé ajá jáde ni gbogbo ọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn ní kí n máa ṣọ́ ajá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele. Mo tún rí ìwé kan tí wọ́n kọ ní Amẹ́ríkà tó kún fún ìṣirò, ṣùgbọ́n eré ajá mẹ́jọ ló ń sọ, ajá mẹ́fà sì ni èmi ń rí.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dì mú, kí n kọ́ ọ dójú àmì. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí rẹ̀, èwo ni ẹ máa mú, kí sì ni ìdí rẹ̀?

Àpótí1

Má jẹ́ kí ìṣirò da orí rẹ rú. Ka iye ìgbà tí àpótí kọ̀ọ̀kan gbégbá orókè ní pápá tí o ń wò, kí o sì máa tẹ̀lé èyí tó ga jù. Àpótí 1, aláṣọ pupa, ló sún mọ́ irin inú jù lọ. Ọ̀nà tirẹ̀ ló kúrú jù ní kọ́nà. Kò tún sí ohun tó yé ènìyàn jùyẹn lọ.

Bàbá_Kọ́nà

Àpótí1, òótọ́ ni pé ọ̀nà inú kúrú, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kọ́ ló ń sáré, ajá ni. Nínú eré onípele ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í ṣẹ́ kèké kí wọ́n tó mọ àpótí tí ajá máa wọ̀. Ọ̀gá tó ń ṣètò eré ló ń pín wọn. Ajá tó fẹ́ràn inú ló ń bọ́ sí nọ́ńbà kékeré. Èyí tó ń gba àárín máa ń ní lẹ́tà M lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé eré. Èyí tó ń gba ìta máa ń ní W, àpótí 5 tàbí 6 ni wàá sì ti sábà rí i. Bí àpótí 1 bá ń yege lọ́pọ̀ ìgbà ní pápá kan, gbogbo ayé ló ń ka nọ́ńbà yẹn pẹ̀lú rẹ, odds ibẹ̀, ìyẹn iye tí wọ́n máa san fún ọ bí o bá jẹ, sì ti kéré kí o tó débẹ̀.

Àbúrò mi Olùbéèrè, bí o bá béèrè lọ́wọ́ mi, kọ́nà àkọ́kọ́ ni kí o kọ́ kà. Ajá mẹ́fà ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń sáré ju 60 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, gbogbo wọn sì fẹ́ gba ojú kan náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbá ara wọn, ibẹ̀ ni ajá tó yá jù lọ ti ń di ajá kẹrin. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yọ jáde ní kọ́nà yẹn láìfarakan ẹnikẹ́ni ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ eré náà, pàápàá ní pápá tí kọ́nà rẹ̀ há bíi Romford, níbi tí eré 400 mítà ti ní kọ́nà mẹ́rin.

Wo bí mo ṣe ń kà á. Ká ní ajá 1 fẹ́ràn inú ṣùgbọ́n kì í tètè jáde. Ajá 2 náà lọ́ra. Ajá 3 ni ó yá jù nínú mẹ́fẹ́ẹ̀fà láti àpótí dé ìlà àkọ́kọ́, inú ló sì máa ń dà sí. Ajá 3 yìí máa gé àwọn méjèèjì kọjá láìsí ìyọnu, nítorí kò sí ẹni tó lè dí i lọ́wọ́. Fi ajá kan náà sí eré mìíràn, níbi tí ajá 1 àti ajá 2 ti máa ń ta jáde bí ọfà, àárín wọn ni yóò há sí. Ajá kan náà ni, àpótí kan náà, ìpele kan náà. Ohun tó yàtọ̀ ni àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ètò tó bá ń ka nọ́ńbà àpótí nìkan kò lè rí ìyàtọ̀ yìí láé.

Onísirò

Mo fara mọ́ Ẹ̀gbọ́n lórí kọ́nà, ṣùgbọ́n àkókò ló yẹ kó ṣáájú. Bí ajá bá lọ́ra, kò sí kọ́nà tó máa gbà á là.

Olùbéèrè, ohun tí o gbọ́dọ̀ mọ̀ nìyí kí o tó fi àkókò wé àkókò. Ajá tó gba ipò kìn-ín-ní nìkan ni aago dá dúró fún. Ti àwọn tó kù, jíjìnnà tí wọ́n jìnnà sí i ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, ìwọ̀n gígùn ara ajá kan sì dúró fún 0.08 ìṣẹ́jú-àáyá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ni ipò ilẹ̀. Yanrìn ni wọ́n ń sáré lé lórí, òjò lè rọ̀, oòrùn lè mú kó gbẹ, ilẹ̀ náà á yá tàbí kó lọ́ra. Wọ́n á kọ N bó bá wà bó ṣe yẹ kó wà, wọ́n á kọ nọ́ńbà bó bá yàtọ̀. Bí o bá rí -20, ilẹ̀ lọ́ra ní 0.20 ìṣẹ́jú-àáyá lálẹ́ ọjọ́ náà, o ní láti yọ ọ́ kúrò.

Àpẹẹrẹ: ajá tó gba ipò kìn-ín-ní lo 24.50 nínú eré 400 mítà, ajá tí o ń wò wà ní gígùn mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Ìlọ́po mẹ́ta 0.08 jẹ́ 0.24, tirẹ̀ di 24.74. Ilẹ̀ jẹ́ -20, nítorí náà àkókò tó yẹ kí o kọ fún un ni 24.54. Ìwé eré ti bá ọ ṣe ìṣirò yìí, ó wà ní ìlà àkókò tí wọ́n ti túnṣe, ṣùgbọ́n ó dára kí ìwọ fúnra rẹ mọ ibi tó ti wá. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń fi àkókò alẹ́ òjò wé ti alẹ́ tí ilẹ̀ gbẹ, tí wọ́n á ní ajá náà ti ń rẹ̀yìn.

Àpótí1

Èmi ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. Bí ìṣirò yín bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ajá tó ní àkókò tó dára jù kì í fi í yege nígbà gbogbo?

Àdùkẹ́_oníwèé

Nítorí pé àkókò kì í sọ bí ajá ṣe rí i gbà. Ìbéèrè yín dára, Àpótí1, ibẹ̀ gan-an ni èmi fẹ́ gbà wọlé.

Ẹ mú ajá méjì tí àkókò wọn jẹ́ 24.60 nínú eré wọn tó kẹ́yìn. Ti àkọ́kọ́, àlàyé kúkúrú tó wà níwájú rẹ̀ kà báyìí: QAw, ALd. Ìyẹn ni pé ó tètè jáde, ó ṣáájú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ti èkejì kà báyìí: SAw, Crd1, RnOn. Ó pẹ́ kó tó jáde, wọ́n há a mọ́ ní kọ́nà àkọ́kọ́, síbẹ̀ ó ṣì ń lé wọn bọ̀ nígbà tí eré parí. Ẹni tó ń wo àkókò nìkan yóò ní wọ́n dọ́gba. Èmi á ní èkejì ní agbára jù, ṣùgbọ́n ó ní àìsàn kan tó lè máà lọ, ìyẹn ni pípẹ́ jáde. Bí SAw bá wà nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú eré rẹ̀ tó kẹ́yìn, ìwà rẹ̀ nìyẹn, má ṣe pè é ní oríburúkú.

Mi ò fi mọ sórí àlàyé inú ìwé o. Mo máa ń wo fídíò eré náà. Lẹ́tà mẹ́ta kò lè sọ fún ọ bóyá wọ́n gbá ajá náà dànù ni, àbí òun fúnra rẹ̀ ló ya sí ọ̀nà ajá mìíràn. Èyí tó ya sọ́nà ẹlòmíràn yóò tún ṣe é lọ́la.

Bàbá_Kọ́nà

Àdùkẹ́, o ṣeun. Ọ̀rọ̀ fídíò yẹn ni kókó.

Agbẹ̀yìnbọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí rò pé ajá tó ń tètè jáde nìkan ló ń jẹ ẹ́. Ṣé ẹ rántí ajá tó ń jẹ́ Westmead Hawk? Ó gba English Greyhound Derby, eré ajá tó lókìkí jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2005, ó tún gbà á ní 2006, ní pápá Wimbledon nígbà náà. Ẹ̀yìn ló ti máa ń bọ̀. Yóò wà lẹ́yìn ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn á ti ro pé ó parí, yóò sì máa kọjá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ní ìdajì tó kẹ́yìn. Bí ọ̀nà Ẹ̀gbọ́n Kọ́nà nìkan lẹ bá mú, gbogbo ìgbà lẹ máa fi í sílẹ̀.

Bàbá_Kọ́nà

Mo rántí rẹ̀ dáadáa, mo sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan, Agbẹ̀yìnbọ̀: ìdí tí orúkọ rẹ̀ kò fi parẹ́ ni pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ajá tó bá ń bọ̀ láti ẹ̀yìn nílò kí ọ̀nà ṣí fún un, kò sì ní agbára lórí ìyẹn. Àmọ́ ẹ tọ́ lórí ohun kan tí mi ò sọ: bí ìrìn bá ti ń gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni agbára ìparí ń níye lórí. Nínú eré tí wọ́n fi lẹ́tà S sí, ti àwọn tó ń sáré jìnnà, mo máa ń dín ìwọ̀n tí mo fún kọ́nà àkọ́kọ́ kù. Nínú eré kúkúrú tó ní lẹ́tà D, kọ́nà àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Pápá náà kó ipa tirẹ̀. Towcester, níbi tí wọ́n ti ń sá Derby 500 mítà báyìí, gbòòrò, ajá lè rí àyè bọ̀. Romford kò gbà bẹ́ẹ̀.

Olùbéèrè

Ẹ ṣé gan-an. Ó ti ń yé mi díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìpele ńkọ́? Mo rí ajá kan tó ti A3 já sí A5, odds rẹ̀ sì kéré. Ṣé ó tó láti tẹ̀ lé e nítorí ìyẹn nìkan?

Onísirò

Ó ku bí ó ṣe já bọ́. A1 ló ga jù, bí nọ́ńbà bá ti ń pọ̀ ni ìpele ń lọ sílẹ̀. Ọ̀gá eré ń gbé ajá sókè bó bá ń yege, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bó bá ń kùnà. Bí àkókò tí wọ́n ti túnṣe kò bá yí padà, tó jẹ́ pé wọ́n kàn ń há a mọ́ ní kọ́nà ni, ajá A3 ṣì ni, eré A5 ló bọ́ sí, inú rẹ á dùn. Bí àkókò náà bá ń burú sí i lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ibi tó yẹ ẹ́ ni. Ọjọ́ orí lè dé, ó sì lè jẹ́ pé ara rẹ̀ ò yá.

Ohun mìíràn: A3 pápá kan kì í ṣe A3 pápá mìíràn. Pápá kọ̀ọ̀kan ló ń to ajá tirẹ̀. Bí ajá bá ṣí kúrò ní pápá kékeré lọ sí pápá ńlá, má wo lẹ́tà àti nọ́ńbà ìpele rẹ̀ rárá, wo eré ìdánwò tó sá ní pápá tuntun náà.

Ọmọ_Brisbane

Ẹ jẹ́ kí n bá Olùbéèrè sọ̀rọ̀ lórí ìwé Amẹ́ríkà tó kà. Ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìgbà tí pápá pọ̀ ní Florida ni wọ́n kọ wọ́n. Àwọn ará Florida dìbò ní 2018 láti fòpin sí eré náà, ó sì dópin níbẹ̀ nígbà tí 2020 parí. Nígbà tí 2022 parí, Wheeling Island àti Mardi Gras ní West Virginia ni pápá méjì tó kù ní Amẹ́ríkà. Ajá mẹ́jọ ni wọ́n ń sá níbẹ̀, bíi tiwa ní Ọsirélíà. Ajá mẹ́jọ sì yàtọ̀ sí mẹ́fà. Ìkọlù pọ̀ sí i ní kọ́nà, ìpín lásán ti ajá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìṣeéṣe pé òun ló máa yege, sì jẹ́ 12.5 nínú 100, kì í ṣe 16.7. Àwọ̀ aṣọ pàápàá yàtọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 2 jẹ́ búlúù, 4 jẹ́ dúdú. Ní ọ̀dọ̀ wa, 4 ló jẹ́ búlúù, 2 sì jẹ́ aláwọ̀ funfun àti dúdú. Má ṣe gbé nọ́ńbà kankan láti inú ìwé yẹn lọ sí eré ajá mẹ́fà. Bí wọ́n ṣe ń ronú ni kí o mú níbẹ̀.

Kọ̀ǹpútà_lẹ́sẹ̀

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè. Gbogbo yín ló ní ohun tí ẹ ń sọ, ṣùgbọ́n ohun tí kò tíì sí ẹni tó sọ ni pé gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí ń dáhùn ìbéèrè kan náà: ajá wo ló máa yege? Ìbéèrè tó ń mú owó wá kọ́ nìyẹn. Èyí tó ń mú owó wá ni: odds wo ló ti tó kí n tó tẹ ajá yìí, odds wo ni kò tó?

Ẹ wo eré kan. Odds ajá mẹ́fà náà jẹ́ 3.00, 4.00, 5.00, 6.00, 7.00, 9.00. Fi odds kọ̀ọ̀kan pín 100: 33.3, 25, 20, 16.7, 14.3, 11.1. Rò ó pọ̀, ó jẹ́ 120.4. Ìyẹn ni pé bí o bá fẹ́ tẹ gbogbo wọn lọ́nà tó jẹ́ pé èyíkéyìí tó bá yege yóò san 100 fún ọ, 120.40 lo máa ná. Odi tí o máa fò nìyẹn kí o tó jèrè kọ́bọ̀. Ajá tó dára jù nínú eré náà lè jẹ́ tẹ́tẹ́ tó burú jù níbẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀nà tí mo máa ní kí ẹnikẹ́ni mú ni èyí tó bá lè fi ìpín fún ajá mẹ́fẹ́ẹ̀fà, kí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 100 géérégé. Èmi ń fi kọ̀ǹpútà ṣe é, Ẹ̀gbọ́n Kọ́nà lè fi bírò ṣe é. Bí o bá fún ajá kan ní 25 nínú 100, odds tó tọ́ sí i ni 4.00. Bí wọ́n bá ń san 5.00, tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá ń san 3.50, fi í sílẹ̀, kódà bó bá dá ọ lójú pé òun ló dára jù. Mo sì máa ń fi àlàfo sí i nítorí pé ìdíwọ̀n mi lè ṣì: fún ajá 4.00, mi ò ní tẹ̀ ẹ́ tí kò bá tó 4.80.

Àdùkẹ́_oníwèé

Kọ̀ǹpútà, o ti sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Ohun kan ni mo fi kún un: kí o tó wo odds ni kí o kọ ìpín rẹ. Bí o bá ti rí i pé ọjà ti sọ ajá kan di ààyò ní 2.20, ọwọ́ rẹ kò ní jẹ́ kí o kọ 25 fún un mọ́. Wàá kọ 40, wàá sì wá ìdí tó bá a mu nínú ìwé eré.

Bàbá_Kọ́nà

Òótọ́ pọ́ńbélé.

Olùbéèrè

Ẹ̀gbọ́n Kọ̀ǹpútà, báwo ni mo ṣe máa mọ nọ́ńbà tí mo máa kọ? Tó bá jẹ́ pé mo kàn fojú bù ú, ṣé ó yàtọ̀ sí àbá lásán?

Kọ̀ǹpútà_lẹ́sẹ̀

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Bẹ̀rẹ̀ láti 16.7 fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, gbé ìpín láti ọ̀dọ̀ ajá kan sí òmíràn, kí o sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Àkókò tó dára jù gba díẹ̀. Ẹni tó máa ráyè ní kọ́nà gba púpọ̀. Ẹni tó há sí àárín àwọn méjì tó yá jù ú lọ pàdánù púpọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àbá ni lóòótọ́. Nígbà tí o bá ti ṣe é fún eré 200, kó gbogbo ajá tí o fún ní ìpín láàrin 20 sí 30 jọ, kí o ka iye tó yege nínú wọn. Bó bá sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, ojú rẹ ń ríran. Bó bá jẹ́ ìdá kan nínú méje, o mọ ohun tí o máa túnṣe.

Ẹni tó bá sì fẹ́ lo kọ̀ǹpútà bíi tèmi, kó má fi eré tó fi kọ́ ètò náà dán an wò. Ya eré kan sọ́tọ̀ tí ètò náà kò rí rí. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ètò náà yóò rò pé aláṣọ funfun ń yege lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí òjò bá rọ̀.

Àpótí1

Mo gba ti ìpín yẹn gbọ́, ó bá ọgbọ́n mu. Mo lè fi ìṣirò àpótí mi sí ara ohun tó ń gbé ìpín sókè sódò. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ti owó. Èmi máa ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì bí mo bá pàdánù, kí èyí tó kàn lè kó gbogbo rẹ̀ wálé.

Onísirò

Ọ̀rẹ́ mi, mo bẹ̀ ọ́, jáwọ́ nínú ìyẹn lónìí. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹyọ 1, tí o pàdánù lẹ́ẹ̀mẹ́jọ léraléra, 255 ti lọ, 256 sì ni èyí tó kàn. Kò sì ṣòro láti pàdánù lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Ká tilẹ̀ ní o mọ̀ ọ́n tóbẹ́ẹ̀ tí ìdá kan nínú mẹ́rin tẹ́tẹ́ rẹ fi ń wọlé. Ìṣeéṣe kí o pàdánù mẹ́wàá léra nínú mẹ́wàá kan pàtó jẹ́ nǹkan bíi 5.6 nínú 100. Ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ déédéé yóò bá a pàdé, yóò sì bá a pàdé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ya owó kan sọ́tọ̀ tí kò kan owó ilé, tí o lè pàdánù tán tí orun yóò ṣì kùn ọ́. Ẹyọ kan kó má ju ìdá kan nínú 100 owó náà lọ, kó sì jẹ́ iye kan náà lórí ajá kọ̀ọ̀kan. Bí o bá rí i pé o ń fẹ́ fi kún un kí o lè gba ohun tó ti lọ padà, pa ẹ̀rọ náà, dìde níbẹ̀. Bí kò bá sì ṣeé ṣe fún ọ láti dìde, wá ẹni tí o lè bá sọ ọ́, kí o ní kí iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ náà ti àkáǹtì rẹ pa. Wọ́n máa ń ṣe é. Mo sọ eléyìí tọkàntọkàn.

Ẹlẹ́sẹ̀_sáré

Kékeré ni tèmi. Ẹ máa wo ìwọ̀n ara ajá. Wọ́n ń wọn gbogbo wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ìwọ̀n ajá bá fi ju kìlógíráàmù kan yàtọ̀ sí ti eré rẹ̀ tó kọjá, kò ní sáré. Tí abo bá sì wà nínú eré, ìwé máa ń kọ ọjọ́ tó wá sí àkókò ìgùn kẹ́yìn. Ara abo máa ń yí padà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn kan á lọ́ra fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á wá sáré bí wọn ò ṣe sáré rí lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Àkókò tó ti pẹ́ kò lè sọ ìyẹn fún yín.

Ọmọ_Brisbane

Kí n tó gbàgbé, Olùbéèrè, má ṣe kó eré New Zealand mọ́ ohun tí o fẹ́ kọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ìjọba ibẹ̀ kéde ní oṣù Kejìlá 2024 pé eré náà máa dópin ní òpin oṣù Keje 2026, nítorí ìpalára tó ń dé bá àwọn ajá. Ọ̀rọ̀ ìpalára yẹn jẹ mí lọ́kàn, kọ́nà tí ẹ ń sọ yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń farapa.

Agbẹ̀yìnbọ̀

Ìyẹn dùn mí náà. Bí mo bá rí i pé wọ́n kó ajá mẹ́ta tó yá, tí gbogbo wọn ń dà sí ọ̀nà kan náà, sínú eré kan, mi ò ní ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè kà á, ajá sì lè ṣubú.

Olùbéèrè

Ẹ ṣé, gbogbo yín. Ohun tí mo mú nínú rẹ̀ ni pé mi ò ní mú àkókò nìkan, mi ò sì ní mú kọ́nà nìkan. Ìpín fún ajá mẹ́fẹ́ẹ̀fà ni ọ̀nà tí mo dì mú, kọ́nà àkọ́kọ́ àti àkókò tí wọ́n ti túnṣe ni mo máa fi gbé e sókè sódò, fídíò ni mo máa fi yẹ̀ ẹ́ wò. Pápá kan, ìrìn kan. Mi ò ní fi owó sí i títí eré 200 fi pé. Ìbéèrè méjì ló kù: pápá wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, kí sì ni kí n máa kọ sínú ìwé?

Bàbá_Kọ́nà

Romford, 400 mítà. Wọ́n ń sá a léraléra lọ́sẹ̀, àwọn ajá kan náà ni wàá máa rí, kò ní pẹ́ tí wàá fi mọ ìwà wọn. Kọ́nà rẹ̀ há, nítorí náà ohun tí o bá kà tọ̀nà tàbí tó ṣì máa hàn sí ọ kíákíá. Fi eré OR (open race, èyí tí kì í ṣe onípele) sílẹ̀ ná. Àwọn ajá níbẹ̀ ń ti oríṣiríṣi pápá wá, àkókò wọn kò ṣeé fi wé ara wọn tààrà.

Àdùkẹ́_oníwèé

Ní ti ìwé: ọjọ́, nọ́ńbà eré, ìpín tí o fún ajá kọ̀ọ̀kan, gbólóhùn kan péré lórí bí o ṣe rò pé kọ́nà àkọ́kọ́ yóò rí, lẹ́yìn náà bó ṣe rí gan-an nínú fídíò. Gbólóhùn yẹn ni kí o má fò rárá. Ajá tí o yàn lè yege nítorí ohun tí o kò rò, ó sì lè pàdánù nígbà tí gbogbo ohun tí o kọ ṣẹ. O fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ èyí.

Fi òpó méjì sílẹ̀ fún odds, ọ̀kan fún èyí tí o bá rí nígbà tí o parí ìpín rẹ, èkejì fún èyí tí eré fi bẹ̀rẹ̀. Nínú tẹ́tẹ́ 100 tó yẹ kí 25 wọlé, 17 lè wọlé, 33 lè wọlé, kó jẹ́ oríire tàbí àìsí oríire lásán ni. Èrè tàbí àdánù kò lè tètè sọ fún ọ bóyá ọ̀nà rẹ dára. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé àwọn ajá tí o yàn ní 5.00 ń bẹ̀rẹ̀ eré ní 4.20 lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tó mọ̀ nípa eré náà ń rí ohun tí ìwọ rí. Bí wọ́n bá ń gùn lọ sí 6.50 ní gbogbo ìgbà, padà síbi fídíò.

Olùbéèrè

Mo ti gbà á. Eré Romford àkọ́kọ́ alẹ́ òní ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, mo máa gbé ìpín mẹ́fẹ́ẹ̀fà síbí kí eré tó ṣí, kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.